Ẹ̀bẹ̀ Tí Ọmọ Náà Kò Bẹ̀

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ni pé ọmọ náà mọ họ́kì gbá. Bí kò bá mọ̀ ọ́n gbá ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá a dúró nínú ẹgbẹ́, èmi náà ìbá sì ti gbàgbé ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní pápá yìnyín tó wà ní Suwanee, ní òkè Atlanta, tí mo wọ kóòtù nínú oṣù Kẹsàn-án nígbà tí oòrùn Georgia ń sun àwọn mọ́tò wa níta, mo sì ti rí i bí ó ṣe ń gba àárín àwọn ọmọ tó ga jù ú lọ kọjá bí ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ wọlé. Gbogbo òbí á dìde. Èmi náà á ti dìde kí n tó mọ̀. Nígbà tí mo bá tún jókòó ni owú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí, nítorí pé ọmọ tèmi wà lórí yìnyín kan náà. Òun ló gba rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá náà lọ́wọ́ àwọn alátakò, òun ló tì í síwájú fún un, kò sì sí ẹni tó dìde fún ìyẹn.

N kò ní pe owú náà ní orúkọ mìíràn. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan ní Downtown Atlanta. Ètò ìjọba ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, bí ó ṣe yẹ kí ẹni tó wà nípò máa jíhìn ní gbangba. Ẹni tó bá ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹun kò lè máa fi ti ara rẹ̀ pa mọ́. Ìyàwó mi sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá mu tíì lẹ́yìn ìsìn tí kò fọ ife, èmi ni n ó fẹ́ kí wọ́n kà á síta nínú ìkéde ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ mi. Mo gbà pé ìwà ibi tí gbogbo ayé rí, ojú gbogbo ayé ló yẹ kí wọ́n ti tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú ìjọ wa ti ní kí n jẹ́ kó sùn.

Ọmọ Nàìjíríà méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, tèmi àti òun. Bí ọmọ Yorùbá ṣe ń dé orí yìnyín kò le. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ni yóò ṣe ọjọ́ ìbí níbẹ̀, wọ́n á yá a ní bàtà onírin, á ṣubú títí, á sì délé wí pé òun fẹ́ padà lọ. Mo rò pé tèmi yóò gbàgbé. Kò gbàgbé. Ẹ̀yìn ló ń dúró sí, ó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó bá fẹ́ sáré wọlé. Kì í jà, kì í bú ènìyàn, n kò sì tíì rí i rí nínú àpótí tí wọ́n máa ń ti ẹni tó bá rú òfin eré mọ́. Kóòṣì máa ń gbá mi lẹ́yìn, á ní ọmọ dáadáa ni mo bí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kejì, kì í dé orí bóyá ọmọ dáadáa ni. Ṣe ló máa ń mi orí, tí ojú rẹ̀ á tàn bí ti ẹni tó ń rántí oúnjẹ kan.

Bàbá ọmọ kejì yìí, apòògùn ni ní ilé ìwòsàn kan, ìjọ kan náà sì ni wá. Mo jù ú lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀.

Ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe nìyí. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin kékeré kan wà tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ náà, kí rọ́bà má baà wọlé. Fayetteville ló ti ń wá, ní ìsàlẹ̀ Atlanta pátápátá, ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ fún àwọn tó ń ṣe fíìmù níbẹ̀. Òun ló kéré jù nínú wọn. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìdánrawò, ọmọ tí mo ń sọ yìí àti àwọn mìíràn mú un nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n fi téèpù tí wọ́n ń lò fún ọ̀pá họ́kì dè é mọ́ àga gbọọrọ, wọ́n da omi sí i lórí, ọmọ wa, ọmọ apòògùn náà, sì fi fóònù rẹ̀ ya fídíò rẹ̀. Wọ́n pa iná yàrá náà, wọ́n lọ jẹ písà. Ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán ojú yìnyín ló gbọ́ ohùn rẹ̀, tó wá tú u sílẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa dé, fídíò náà ti wà lórí fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ti fi orin sí i.

Ara ọmọ tèmi kò yá lọ́jọ́ náà, kò lọ sí ìdánrawò. Mo ti dúpẹ́ lórí ibà yẹn ju bí mo ṣe dúpẹ́ lórí àwọn ìbùkún mìíràn lọ.

Ẹgbẹ́ náà dá ọmọ wa dúró títí ìdíje ọdún náà fi parí. Aṣọ́lé náà kò padà wá mọ́. Ẹgbẹ́ kò lé e, kò sì sí ẹni tó ní kó má wá, ṣùgbọ́n kò tún gbé bàtà onírin rẹ̀ mọ́.

Àwa Yorùbá wá ṣe ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá ọmọ náà kó àwọn àgbà ìjọ jọ, ó ní kí wọ́n bá òun lọ bẹ ìyá aṣọ́lé. Wọ́n ní kí èmi náà wá, kí n lè máa túmọ̀, bí ẹni pé obìnrin náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́ jẹun láti àárọ̀ dalẹ́. A wọ agbádá. A dé Fayetteville ní òwúrọ̀ Sátidé, àdúgbò dákẹ́, ajá ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Bí obìnrin náà ṣe ṣílẹ̀kùn ni díákónì wa, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko rẹ̀. Bàbá ọmọ tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Èmi nìkan ni mo dúró, nítorí pé èmi ni mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Ọkùnrin kan ní òdìkejì títì dá ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko dúró, ó ń wò wá.

Obìnrin náà wo àwọn àgbààgbà tó wà nílẹ̀ títí, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ó ní, “Ọmọ náà dà?”

Ọmọ náà wà nínú mọ́tò bàbá rẹ̀ lẹ́bàá títì. Nílé, wọn ìbá ti fà á létí jáde, òun ni ì bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni wọn ìbá sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà, ohun tí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, wọ́n lè gbé e dé ilé ẹjọ́. Ó mú ìdajì àṣà wa, ó fi ẹ̀rù Amẹ́ríkà dí ìdajì tó kù, ó sì ti ọmọ náà mọ́ inú mọ́tò. Díákónì gbójú sókè láti orí koríko, ó dá obìnrin náà lóhùn ní Yorùbá pé, “Àwa ni ọmọ náà, Màmá.” Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. N kò rò pé ẹnikẹ́ni tíì wo irùngbọ̀n díákónì bí obìnrin yẹn ṣe wò ó.

Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde. Ó dúpẹ́ pé a wá, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí a ń padà, ayọ̀ ni wọ́n ń yọ̀ nínú mọ́tò, wọ́n ní ó ṣáà ní kí àwọn dìde, ó ti dárí jì wọ́n nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti tán.

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ wa ti di ọmọ gbogbo ìjọ. Nígbà tí wọ́n gbà á padà sínú ẹgbẹ́, ìdílé rẹ̀ dúpẹ́ níwájú pẹpẹ, gbogbo ènìyàn bá wọn jó. Bí ó bá gbá rọ́bà wọlé, wọ́n á kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Àwọn ìyá ìjọ ń gbààwẹ̀ fún un. Olùṣọ́ àgùntàn wàásù lórí ọmọ tó padà wálé, gbogbo ojú sì yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tèmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, kò sí ojú tó yí sí i. Mo rò ó lọ́jọ́ náà pé kò sẹ́ni tó tíì gbàdúrà fún ọmọ mi láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé kò tíì ṣe ohun tó burú. Ẹ bá mi gbé e yẹ̀wò. Ọmọ tó de ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ àga ní ìyá mẹ́wàá tó ń gbààwẹ̀ fún un. Ọmọ tí kò de ẹnikẹ́ni ní èmi àti ìyá rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà títí ẹgbẹ́ họ́kì ọ̀dọ́ kan láti òkè àríwá Amẹ́ríkà fi rán ọkùnrin kan wá wo àwọn ọmọ wa. Níbẹ̀, adágún ń dì fúnra rẹ̀ nígbà òtútù, ẹni tó bá sì fẹ́ fi họ́kì wọ yunifásítì ńlá, ibẹ̀ ló yẹ kó ti lọ gbá a. Ààyè kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún ẹgbẹ́ tiwa. Kóòṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àwọn méjì ni ọkùnrin náà ń rò: ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù, àti ọmọ mi. Bí kì í bá ṣe ti fídíò náà, wọn kì bá tí rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n fídíò náà ṣì wà káàkiri, ọkùnrin náà ti rí i, ó sì fẹ́ mọ irú ọmọ tí òun ń gbé lọ sílé.

Mo délé. Inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí. Ọ̀sẹ̀ kan péré, fún ìgbà àkọ́kọ́, ni ìwà rere ọmọ mi wúlò fún un lójú ayé.

Ní ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e ni aago ẹnu ọ̀nà wa dún. Bàbá ọmọ náà àti díákónì ni. Wọn kò tíì jókòó tí bàbá ọmọ náà, àbúrò mi yìí, fi dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì wa. Ó ní àwọn ará àríwá ti béèrè bóyá ọmọ òun ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀. Òun ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun sì ti sọ fún wọn pé olùkọ́ yunifásítì kan wà níbẹ̀ tó lè jẹ́rìí. Wọn yóò pè mí.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà wà níbẹ̀. Ojú yín ló ṣe.”

Mo ní kí ó dìde, kí ó jókòó. Mo ní mo wà níbẹ̀, mo sì rí òun nílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ọmọ rẹ̀. Ó ní ṣé bàbá àti ọmọ kì í ṣe ọ̀kan náà ni. Ìyàwó mi gbé omi àti ìpápánu wá, wọn kò fọwọ́ kàn án. Díákónì, tó ti ń wò mí láti ìgbà tó ti wọlé, fi ọ̀pá rẹ̀ gbá kápẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́.

Ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sóhun tó le ńbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ máa sọ. Àbí nítorí ọmọ tiyín ni?”

Ó mọ ibi tó tẹ̀. Mo ní kí wọ́n dákun jẹ́ kí n gba atẹ́gùn díẹ̀, mo sì jáde. Mọ́tò wọn wà níwájú gáréèjì wa. Ọmọ náà wà nínú rẹ̀.

Mo kan gíláàsì. Ó yára ṣílẹ̀kùn, ó ní ẹ káàsán sà, ó sì ń gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀ kí ó lè dọ̀bálẹ̀ láàárín mọ́tò àti òdòdó ìyàwó mi. Mo ní kí ó jókòó. Mo wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a jọ ń wo ilẹ̀kùn gáréèjì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bá àwọn bàbá rẹ̀ wọlé.

“Daddy ní kí n dúró,” ó wí. “Wọ́n ní àwọn àgbà ló ń bẹ̀bẹ̀.”

“Lọ́jọ́ Fayetteville náà ńkọ́?”

“Bákan náà ni, Uncle. Mo rí Daddy nílẹ̀. Mo ti ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù wá bà mí, mo tún tì í.”

Mo bi í pé ká ní ó sọ̀ kalẹ̀, kí ni ì bá sọ. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ó ń wá àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Pé mo rí i tó ń sunkún, mo sì ń ya fídíò lọ.”

Ó yẹ kí inú mi dùn pé ọmọ náà ní ẹ̀rí ọkàn. Inú mi kò dùn. Mo ti fẹ́ kí ó jẹ́ ọmọ burúkú, kí ó wo ojú mi kí ó sì sọ̀rọ̀ tí kò dára, kí n lè padà wọlé láì ní ìyọnu. Gbogbo ìbínú tí mo ti kó jọ fún un yí padà nínú mọ́tò yẹn, ó kọjú sí àwọn ọkùnrin méjì tó jókòó nínú pálọ̀ mi. Wọ́n ti bá ọmọ yìí bẹ ẹ̀bẹ̀ tí kò jẹ́ tiwọn. Wọ́n gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè dì í mú, wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìfẹ́. Gbogbo ìjọ ń pariwo pé wọ́n ti fún un ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tí kò sí ẹni tó tíì fún un ní àyè láti sọ ohun tó ṣe ní èkíní.

Mo padà wọlé, mo sọ fún àwọn àlejò mi pé bí wọ́n bá pè mí, ohun tí mo rí ni n ó sọ. Wọ́n lọ láì mu omi.

Ọkùnrin ará àríwá náà pè lọ́jọ́ Monday, nígbà tí mo wà nínú ọ́fíìsì mi ní Downtown, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ dára, kò sì fi àkókò ṣòfò. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ti tọrọ àforíjì. Mo ní bàbá rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ìjọ ti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò tíì la ẹnu. Mo gbọ́ tí ó mí sókè. Mo lè fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé mo purọ́, ọmọ mi ì bá sì ti kó ẹrù rẹ̀ nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà bá fi parí. Mo fi kún un pé mo gbà pé ọmọ náà fẹ́ sọ ọ́, pé àwa àgbà ni a kò jẹ́ kó sọ ọ́. Gbólóhùn kejì yìí le láti sọ ju èkíní lọ. Ó ní òun yóò dúró títí di ìparí ọ̀sẹ̀, òun yóò sì tún pè mí.

Mo fúnra mi pe bàbá ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ kí ó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kò bú mi. Ó kàn ṣíwọ́ pípè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní, “O ṣeun, Prọ̀fẹ́sọ̀,” ó sì gbé fóònù sílẹ̀. “O” tí ó fi bá mi sọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí èébú ì bá ṣe dùn mí lọ. Ní ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀, díákónì gbàdúrà sókè pé kí Ọlọ́run gba ọmọ àwọn lọ́wọ́ àwọn tí ìwé ti gbẹ́ àánú kúrò nínú wọn. Àmín tó tẹ̀ lé e pọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo sì ṣe àmín pẹ̀lú wọn, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọmọ mi wá béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé níbo. Ó ní Fayetteville. Ó ní ọ̀rẹ́ òun, ọmọ apòògùn náà, pe òun, ó fẹ́ lọ rí aṣọ́lé náà, bàbá rẹ̀ kò sì gbà kí ó lo mọ́tò. Ó ní ó ń bi òun pé irú aṣọ wo ni èèyàn máa ń wọ̀ lọ tọrọ àforíjì.

“Mo ní kó má wọ jẹ́sì họ́kì,” ọmọ mi wí.

Mo dì kọ́kọ́rọ́ náà mú. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ààyè kan ṣoṣo ló wà.

“Mo mọ̀, Daddy.”

“O sì fẹ́ gbé e lọ.”

“Daddy, tí mi ò bá gbé e, Uber ló máa wọ̀.”

Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ náà. Mo dúró lójú fèrèsé títí mọ́tò fi yà ní ìkóríta, owú tó ń jẹ mí lọ́jọ́ yẹn sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ ara mi ni mo ń jowú. Ó ti ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ohun tí mo ń fi ìrora yọ lára mi ní díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ọmọ mi ló sọ ọ́ fún mi. Aṣọ́lé náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti ga, ohùn rẹ̀ ti nípọn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ wa sọ tẹnu rẹ̀, ó sọ ọ́ tán, kò sí ẹni tó ní kí ó wọlé. Aṣọ́lé náà wá sọ pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà àwọn ni wọ́n ti fi òun rẹ́rìn-ín. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, kí ó lọ sọ ọ́ níwájú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Òun á wá gbọ́.

Mo gba ọmọ yẹn ní olùkọ́ ju ara mi lọ. Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ní kíláàsì, ó sọ ọ́ tán lórí àtẹ̀gùn ilé wọn.

Ní Sátidé, kóòṣì kó gbogbo ọmọ àti òbí wọn sínú yàrá òkè tí a ti máa ń wo eré. Aṣọ́lé àti ìyá rẹ̀ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọn kò jókòó. Ọmọ wa dìde pẹ̀lú akoto rẹ̀ lábẹ́ apá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, kò sì gùn.

Ó ní, “Èmi ni mo mú téèpù wá. Ó ń pe orúkọ mi pé kí n tú òun sílẹ̀, ó ń sunkún, mo sì ń ya fídíò lọ. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn kéré jù wá lọ ni. Ẹ máa bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́.”

Àwọn ọmọ kan ń wo bàtà wọn. Ìyá ọ̀kan nínú wọn, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú fídíò yẹn, tó sì ti ń bá gbogbo wa rẹ́rìn-ín láti ọdún méjì wá, mú báàgì rẹ̀ ó jáde. Bàbá ọmọ wa ti wọlé láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, ó dúró lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé ibi ẹkún yẹn, mo rí i tó tẹ̀ síwájú, tí orúnkún rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì na ara rẹ̀ padà.

Aṣọ́lé náà ní òun gbọ́. Kò ní òun dárí jì í. Òun àti ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ, mo sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pa dé.

Ọkùnrin ará àríwá náà pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo wà ní kíṣìnì, ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ìyàwó mi ń din dòdò. Mo mọ nọ́ńbà náà. Ìyàwó mi mọ ojú mi, ó pa iná.

Ó béèrè bóyá ohunkóhun ti yí padà. Bí mo bá sọ pé n kò mọ̀, ta ni yóò bi mí léèrè? Ẹni tó tọ́ sí láti sọ ọ́ fún un pọ̀. Kóòṣì wà níbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ mi tó tẹ̀ sórí ìwé.

Mo ní, “Ọmọ náà ti bẹ̀ ẹ́. Níwájú gbogbo wa ni. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ.”

Ó béèrè bóyá wọ́n dárí jì í. Mo ní rárá, wọ́n ní àwọn gbọ́. Ó wá béèrè ohun tí n kò retí. Ó ní, lójú mi, ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹ kí wọ́n gbà. Mo ní kí ó rántí pé ọmọ tèmi ni èkejì. Ó ní òun rántí, ìdí gan-an tí òun fi ń bi mí nìyẹn.

Mo ní ó yẹ.

Ó dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ mi kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ó ti ṣíwọ́ ìwé kíkọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bi ìyá rẹ̀ pé ṣé dòdò yẹn ò tíì jinná ni, ìyá rẹ̀ sì tún iná tàn.

Wọ́n mú ọmọ apòògùn náà. Ó ti lọ. Bàbá rẹ̀ tún ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó máa ń fi àwòrán ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi, nínú yìnyín tó dé orúnkún, pẹ̀lú jẹ́sì tí mo ti fọkàn wọ̀ fún ọmọ mi. Mo máa ń dá a lóhùn pé a dúpẹ́. Ìjọ ti ṣe ìdúpẹ́ mìíràn. Wọn kò dárúkọ aṣọ́lé níbẹ̀, wọn kò sì gbààwẹ̀ fún un, ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ níbí kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ọmọ kan wà ní Fayetteville tó mọlé ṣọ́, tí kò ṣọ́ ọ mọ́. Ní ti ọmọ tó lọ, ó yẹ kí wọ́n mú un, n ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá tún pè mí. Ọmọ mi ló yẹ jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ìdíje, mo máa ń wo eré wọn lórí kọ̀ǹpútà, n kò sì tíì lè dìde fún ọmọ náà bí mo ṣe ń dìde ní Suwanee.